Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá Ọjọ́ Fún: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí ìwé kíkọ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń sọ ohun kan náà. Ẹnìkan ń kọ ìwé. Kò sí ilé ìtẹ̀wé tó ń retí rẹ̀, kò sí olóòtú tó máa pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé ibo ló bá a dé. Bó kọ, bí kò kọ, ojúmọ́ á mọ́. Èrò tiwa ni pé àlàfo ló ń pa irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìfàsẹ́yìn díẹ̀ kì í pa á. Ẹni tó ń kọ ojú-ewé kan lọ́sẹ̀ yóò parí lọ́jọ́ kan. Ẹni tó fi ọjọ́ méjì kọ ogún ojú-ewé, tó wá pa á tì fún oṣù mẹ́rin, ó ṣòro kó tó tún mọ̀ nǹkan tó ń kọ. Ibi tí a ti mú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí nìyẹn.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan. Ìgbà ìsinmi ni mo máa ń kọ ọ́. Bí ilé-ìwé bá ti wọlé, ó parí nìyẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá sì padà dé ìdí rẹ̀, orí kìn-ín-ní ni mo tún ń tún ṣe. Ẹ gbà mí. — Olùkọ́, Òṣogbo

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ìsinmi tí ẹ rò pé ó ń ràn yín lọ́wọ́ gan-an ló ń dá yín dúró. Bí taamu bá ti gba oṣù mẹ́ta kọjá, ohùn àwọn èèyàn inú ìtàn yẹn á ti kúrò létí yín, ẹ ó sì padà sí orí kìn-ín-ní láti lọ wá a. Bí ẹ bá wá débẹ̀, bírò pupa olùkọ́ á gbéra, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Ìdí nìyẹn tí orí kìn-ín-ní fi ń dán yanranyanran, tí orí kẹfà kò sì tíì sí láyé.

Inú taamu gan-an ni kí ẹ máa kọ ọ́. Ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kó má dín ní ọ̀rọ̀ 200. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó kúrò ní yàrá àwọn olùkọ́ lẹ́yìn tí aago ìjáde bá lù, lórí tábìlì kan náà. Gbàrà tí ẹ bá délé, ilé ló ni yín.

Láti mọ iye ọ̀rọ̀ tí ojú-ewé yín ń gbà, ẹ ka ọ̀rọ̀ inú ìlà mẹ́ta tó kún, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in, kí ẹ wá fi iye ìlà ojú-ewé náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìlà kan bá gba ọ̀rọ̀ 9, tí ojú-ewé ní ìlà 25, ọ̀rọ̀ 225 nìyẹn: ojú-ewé kan ti tó fún òòjọ́. Ọ̀rọ̀ 200 lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ 1,000. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 12 kúrò nínú ọdún fún ìdánwò, fún àìsàn, fún òkú àti ìgbéyàwó ẹbí. Ọ̀sẹ̀ 40 ló kù, ọ̀rọ̀ 40,000. Odidi ìwé ìtàn àròsọ kan nìyẹn.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni gbèsè. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí ẹ bá kọ 900 lónìí nítorí pé ó ń dùn, 200 ti ọ̀la kò tíì san. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 200 náà ni ti Ọjọ́rú, kò di 400. Ẹni tó bá ń gbé gbèsè lọ síwájú, tó bá ti di 1,000 lọ́rùn rẹ̀, ṣe ló máa ń sá fún tábìlì pátápátá.

Ní ti orí kìn-ín-ní, ẹ kó o sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wá ya ìwé kan sọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní Ìwé Àtúnṣe. Ká ní ẹ dé orí karùn-ún, ẹ wá rí i pé ìyá Àjọkẹ́ ti yẹ kó kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ọmọ dání níbi ìkómọ ní orí kejì. Ẹ má padà sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sínú Ìwé Àtúnṣe pé: “Orí 2: yọ ìyá Àjọkẹ́ níbi ìkómọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni kó gbé ọmọ.” Kí ẹ wá máa kọ orí karùn-ún lọ bí ẹni pé ẹ ti tún un ṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé náà ni ẹ ó ṣí àpòòwé.

Kí ẹ tó dìde lójoojúmọ́, ẹ kọ ìlà kan sísàlẹ̀ nípa ohun tó kàn: “Àjọkẹ́ fẹ́ já lẹ́tà náà, bàbá rẹ̀ wọlé.” Bí ẹ bá jókòó lọ́jọ́ kejì, ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn àti ìlà yẹn nìkan ni kí ẹ kà. Ìṣẹ́jú 25 kò gba kíka láti òkè wá.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí. Iṣẹ́ wákàtí 12 ni, òru lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé kí n mú aago kan ṣoṣo fún ìwé kíkọ. Aago wo ni kí n mú? — Màmá Ìbejì, Manchester

Màmá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Kò sí aago tí ẹ lè mú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi lórí ìyẹn. Nǹkan tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́, yálà òru ni tàbí ọ̀sán, ni kí ẹ so ìwé yín mọ́. Èyí tó dára jù ni jíjí: bí ẹ bá jí, aago yòówù kó jẹ́, ẹ kọ̀wé kí ẹ tó tan dátà fóònù. Bí WhatsApp bá ti wọlé, ọkàn yín ti wà nílé, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí ilẹ̀.

Bí wọ́n bá ti lẹ ìwé ètò iṣẹ́, ẹ mú bírò aláwọ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sàmì sí irú ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ kò lọ síbi iṣẹ́ rárá: ìṣẹ́jú 45. Ọjọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́: gbólóhùn kan péré, tí ẹ fi ọwọ́ kọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ti òru dé: ẹ sùn, ẹ má kọ nǹkan kan. Ohun tí ara tó ti rẹ̀ bá kọ láàárọ̀ yẹn, ẹ máa pa á rẹ́ ni, ẹ ó sì ti fi oorun san owó rẹ̀.

Gbólóhùn kan yẹn lè dà bí eré lójú yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ìtàn náà di àjèjì sí yín láàárín ọjọ́ mẹ́rin iṣẹ́. Ẹ ó bá ara yín nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ó máa rò ó pé kí ni Àlàkẹ́ inú ìtàn yín yóò fi dáhùn.

Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá sọ sí yín lọ́kàn lójú ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orúkọ orí tó wà fún ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àdàkọ ohùn máa ń gba àkókò ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ohun tí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ lè gbà yín ní ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ohùn inú fóònù di ogójì, ẹ kò ní gbọ́ wọn mọ́ láéláé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ pa ohùn náà rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ewì ni mò ń kọ, ọmọ ọdún 19 ni mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lójúmọ́, èmi ò rí nǹkan kà. Bí ewì kò bá wá, kò wá. Ṣé ọ̀lẹ ni mí? — Akéwì, Ọ̀yọ́

Rárá o, àbúrò. Iye ọ̀rọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n ewì. Ewì onílà méjìlá lè gba odidi oṣù kan, kó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àkókò tí o jókòó tì í ni kí o máa kà: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o pín in sí méjì.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà fún ìkójọ. Mú ìwé pélébé kan tó lè wọ àpò, kí o kọ ohun tí etí rẹ bá gbọ́ lọ́jà, nínú ọkọ̀, níbi òkú, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má tún un ṣe. Ogún ìṣẹ́jú tó kù, mú ewì kan tí o ti kọ tẹ́lẹ̀, dìde dúró, kà á sókè. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀, tàbí tí èémí rẹ ti tán kí ìlà tó parí, fi àmì sí i. Ibẹ̀ nìkan ni kí o tún ṣe lónìí. Kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tó.

Wo bí àwọn ìlà rẹ ṣe ń parí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewì ọ̀dọ́ ti ń kú. Gbọ́ méjì yìí: “Òjò ń pariwo lókè, / àgbàrá ti kún ilẹ̀.” Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí méjèèjì, wọ́n wó lulẹ̀ papọ̀. Wá gbọ́ èyí: “Òjò ń pariwo lókè, / ẹnìkan kò sí nílé.” Ìkíní wálẹ̀, ìkejì gòkè, etí sì jí. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o má gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni kí o gbọ́ ọ, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ ibi tó ti rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti dá ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá fún ara mi pé màá parí ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọjá. Ṣé kí n tún dá òmíràn ni? — Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má dá a mọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀yin nìkan mọ̀, ẹ̀yin nìkan náà lẹ lè sún un, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe ń dárí ji ara yín. Ẹ̀yin tí oníbàárà ń wá gbé aṣọ ọdún lọ́wọ́ yín mọ̀ pé ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń mú kí aṣọ parí, ọjọ́ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ìtàn ìwé Yorùbá náà nìyẹn. Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ tí I. B. Thomas gbé jáde láti 1929 sí 1930, inú ìwé ìròyìn òun fúnra rẹ̀, Akéde Èkó, ló ti ń jáde. Ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà. Ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1938, ìdíje tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ṣe ló kọ ọ́ fún. Ọjọ́ tó wá láti ìta lágbára. Bí ìdíje gidi kan bá wà tí ìwé yín bá mu, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ fi ohun méjì dípò rẹ̀: ìwé ìṣirò, àti èèyàn kan.

Ìwé ìṣirò kọ́kọ́. Ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà láyé ọjọ́un, Anthony Trollope, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó kọ ìwé ìtàn tó pọ̀ kọjá sísọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló máa ń wà nídìí tábìlì. Ó ń fi pọ́n-ùn 5 kún owó ìránṣẹ́ kan lọ́dún kó lè máa jí òun. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló fi ń ka iṣẹ́ àná, lẹ́yìn náà ló gbé aago síwájú, ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A kò ní kí ẹ sáré báyẹn o, ìlànà yẹn ti mú kí àwọn mìíràn kórìíra ìwé kíkọ. Ohun tí ẹ lè mú lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé kékeré tó ń kọ iye ojú-ewé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ọjọ́ tí kò kọ nǹkan kan, ó hàn níbẹ̀ gbangba, kò sí bó ṣe lè sọ pé òun ti ń gbìyànjú. Ẹ ra kàlẹ́ńdà olójú ńlá, ẹ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ kọ iye ọ̀rọ̀ òòjọ́ sínú àpótí ọjọ́ náà. Bí kò bá sí, ẹ kọ òdo, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí òdo mẹ́rin bá tò léra wọn, ẹ dín òòjọ́ yín kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fi kún un, ìyẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù.

Èèyàn ni ìkejì. Ẹ wá ẹnìkan tí òun náà ń kọ̀wé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ fún un ní ojú-ewé mẹ́wàá, kó fún yín ní mẹ́wàá tirẹ̀. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ara yín: ibo ni ó ti sú ọ? Ibo ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ lójú? Ẹ má béèrè bóyá ó dára. Ọkọ tàbí aya kì í sábà ṣeé lò fún iṣẹ́ yìí, torí pé ìfẹ́ á ní kí wọ́n yìn yín, ìyìn tó bá sì tètè dé máa ń mú kéèyàn jókòó sínmi. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ojú-ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tún àmì ohùn ṣe náà kò tíì ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àmì ohùn ń dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ kan, àmì mẹ́ta. Ṣé mo lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá parí ìwé? — Òǹkọ̀wé, Abẹ́òkúta

Ẹ lè fi àmì ohùn sílẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀. Òpin ìwé ti jìnnà jù. Bí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ọdún kan, tí ẹ bá “o ko igba wa” nínú ìwé yín, ṣé igbá ló kó wá, àbí igba? Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ gan-an lè má rántí. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò ṣeé fi sílẹ̀ rárá, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa fi í sí i. Ti òkè, ẹ fi sórí orúkọ èèyàn àti ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà bí ẹ ṣe ń kọ lọ, kí ẹ wá fi àárọ̀ Àbámẹ́ta parí ojú-ewé ọ̀sẹ̀ náà. Iṣẹ́ yẹn ń ṣeni lóore: bí ẹ ṣe ń fi àmì sí i ni ẹ ń gbọ́ gbólóhùn yín, ẹ ó sì rí èyí tí kò já gaara.

Lórí fóònù, Gboard ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Microsoft Word, ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ wá tẹ Alt àti X papọ̀, ẹ ó rí ẹ. 1ECD ni ti ọ, 1E63 ni ti ṣ. Láti fi àmì òkè sórí ẹ tàbí ọ, ẹ tẹ 0301 tẹ̀lé e pẹ̀lú Alt àti X. 0300 ni ti àmì ohùn ìsàlẹ̀.

Ọ̀kan wà tó máa ń da àwọn òǹkọ̀wé láàmú. Ẹ̀yà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń to ẹ́ pọ̀, pátákó kan sì lè to tirẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn: àwọn kan ń kọ ẹ kí wọ́n tó fi àmì òkè sí i, àwọn kan ń kọ é kí wọ́n tó fi tótó sábẹ́ rẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fóònù kọ orí kẹta, tí ẹ fi kọ̀ǹpútà kọ orí kẹrin, ẹ lè wá “Àjọkẹ́” kí ẹ̀rọ ní kò sí nínú orí kan. Ẹ fi pátákó kan ṣoṣo kọ ìwé kan tán. Bó bá ti dàpọ̀ ná, ẹ da ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ náà kọ láti inú ìwé fúnra rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé fóònù ń sọnù, iná sì ń lọ nígbà tó bá wù ú: gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, pẹ̀lú ọjọ́ nínú orúkọ rẹ̀, kí ẹ má sì pa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́. Odidi ìwé tí kò ní àwòrán kì í sábà tó fọ́tò kan ní títóbi, kò ní jẹ dátà yín.

Mo bímọ, mo sì fi ìwé sílẹ̀ fún oṣù méje. Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí i. — Ìyá Tuntun, Ìlọrin

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtìjú àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ló máa lé yín padà. Ẹ ṣí ojú-ewé méjì tó gbẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ dà wọ́n kọ sínú ìwé mìíràn, ọ̀rọ̀ kan má yí padà. Ọwọ́ máa ń rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn sí i, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti mọ̀ àti ohun tí wọn kò tíì mọ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ 50, nígbà tí ọmọ bá sùn ní ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, 50 náà ni, kódà bí ẹ bá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 100. Bí ọmọ kò bá sùn, ẹ kọ òdo sí kàlẹ́ńdà, ẹ gbé e pọ̀n.